Àmì Wi-Fi Wà, Íntánẹ́ẹ̀tì Ò Sí

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin já lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Ìlọrin tiwa jìnnà sí òkun, ṣùgbọ́n ó kàn wá náà. Àmì Wi-Fi ṣì dúró digbí lórí fóònù ní Tanke. Fóònù ò purọ́ o; ráútà inú ilé nìkan ni ojú ẹ̀ tó.

Àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti mọ ìṣòro yìí tipẹ́. Káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì gidi máa ń mọ̀ bí wáyà bá yọ. Èyí tí wọ́n fi sọ́fítíwíà ṣe ò ní wáyà. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló gbà.

Intel ló bẹ̀rẹ̀ DPDK, kí dátà lè máa sáré kọjá láìgba ọwọ́ Linux. KNI wá ni ilẹ̀kùn tó kù sọ́dọ̀ Linux. Bí wáyà gidi bá já tí ẹnikẹ́ni ò kéde ẹ̀, Linux á ṣì máa kó dátà gba ẹnu ilẹ̀kùn yẹn, àdánù sì ni. Ọdún 2018 ni wọ́n tó fi rte_kni_update_link sí i, kí sọ́fítíwíà lè kéde fúnra ẹ̀. Ó pẹ́ jù, lójú tiwa. Ní 2023, wọ́n yọ KNI kúrò pátápátá. Virtio-user ni wọ́n ní ká máa lò. Òun náà ò ní wáyà.