Adágún kékeré tó wà létè Màmá àgbà

1/
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan wà nílé yín tó nílò rẹ̀. Ìtàn ààmì kékeré kan ni, ìtàn ọkùnrin tó fún un lórúkọ, àti ìdí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni da ásíìdì sí ètè ìyá rẹ̀.

2/
Màmá àgbà wa ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Iṣu ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún tà lẹ́bàá títì, nínú oòrùn. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nǹkan kan yọ sí ètè wọn ìsàlẹ̀. Ó rọ̀, kò dùn wọ́n, kò tó hóró ẹ̀wà kan, ṣùgbọ́n ó dúdú bí ìgbà tí aró ta sí i. Ni gbogbo àdúgbò bá di dókítà. Ẹnì kan ní aṣáà ló fà á. Ẹnì kejì ní jẹjẹrẹ ni. Ẹnì kẹta ní òun mọ ẹni tó máa kán oògùn inú ìgò sí i, á sì jábọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

3/
Màmá àgbà ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí gèlè bo ẹnu tí wọ́n bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n pe màmá mi wọ yàrá, wọ́n ṣí àpótí, wọ́n fa aṣọ òkè kan yọ, wọ́n ní, "Èyí ni kí ẹ wọ̀ fún mi tí mo bá lọ." Màmá mi jáde, wọ́n jókòó sí ilé ìdáná, wọn ò lè sọ̀rọ̀.

Nǹkan tí kò dun èèyàn rárá ló fà á o.

4/
A gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara. Ọkàn mi ti múra de ìròyìn burúkú. Dókítà fi awò kékeré kan wò ó dáadáa. Lẹ́yìn náà, ó mú gíláàsì pẹlẹbẹ, ó fi tẹ ààmì náà. Ẹ gbọ́ o: dúdú yẹn pòórá lójú wa! Ó gbé gíláàsì kúrò, ó bá tún rọra padà bí omi tó ń sun.

Dókítà ní, "Màmá, ẹ̀jẹ̀ lásán ni. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kò sì ní di jẹjẹrẹ."

5/
Orúkọ tí wọ́n ń pè é ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni venous lake. Tí èmi bá máa pè é ní Yorùbá, adágún ẹ̀jẹ̀ ni mo máa sọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé iṣan kékeré kan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sọ́kàn ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ara iṣan náà fẹ́lẹ́, ẹ̀jẹ̀ wá dúró síbẹ̀ bí omi òjò ṣe ń dúró sínú kòtò. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sá. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á padà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

6/
Nígbà tí a délé, mo ní mo gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó kọ́kọ́ jókòó wo nǹkan yìí dáadáa.

Ọdún 1956 ni dókítà méjì ní Amẹ́ríkà, William Bean àti Walsh, kọ àpilẹ̀kọ kan nípa rẹ̀, tí wọ́n sì pè é ní venous lakes. Bẹ́ẹ̀ ni o, Bean. Ẹ̀wà ló fún nǹkan tí kò tó hóró ẹ̀wà lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín ná.

Wọ́n kọ ọ́ pé àwọn àgbàlagbà ló máa ń yọ lára, níbi tí oòrùn ti ń pa wọ́n: ojú, etí, ètè. Iṣu títà lẹ́bàá títì bá wá sí mi lọ́kàn.

7/
Ta ni Bean yìí? Ọ̀gá dókítà ni ní Yunifásítì Iowa, ṣùgbọ́n ohun tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ni sùúrù ojú rẹ̀. Láti ọdún 1941 ló ti ń fi ààmì sí ìdí èékánná àtàǹpàkò òsì rẹ̀ lóṣooṣù, kó lè mọ bó ṣe ń yára hù sí. Ó ṣe é fún ọdún 35! Nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 32, èékánná náà ń hù ní 0.123 mìlímítà lójúmọ́. Nígbà tó di ẹni ọdún 67, ó ti wálẹ̀ sí 0.095. Ẹni tó lè wo èékánná fún ọdún 35 ló lè rí ààmì tí àwọn yòókù ń wò kọjá.

8/
Ibi tí ìtàn yìí ti mú mi jókòó dáadáa nìyí. Bàbá William, ìyẹn Robert Bennett Bean, wo nǹkan tirẹ̀ náà. Ní ọdún 1906, ó kọ̀wé pé òun ti wọn ọpọlọ àwọn aláwọ̀ dúdú àti ti òyìnbó, àti pé iwájú ọpọlọ tiwa kéré sí tiwọn. Franklin Mall, tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ní Johns Hopkins, ní kí òun náà wò ó. Ó tún àwọn ọpọlọ náà wọ̀n, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí òun mọ èyí tó jẹ́ ti dúdú tàbí ti funfun kó tó wọ̀n wọ́n. Ní 1909 ó gbé èsì jáde: ìyàtọ̀ yẹn ò sí níbẹ̀. Ọdún 1909 yẹn náà ni wọ́n bí William.

9/
Ojú tó ti mọ ohun tó fẹ́ rí kì í pẹ́ rí i. Bàbá fẹ́ rí ọpọlọ tó kéré, ó sì rí i. Àdúgbò wa fẹ́ rí jẹjẹrẹ, wọ́n rí i. Gíláàsì dókítà yẹn ò fẹ́ rí nǹkan kan. Ó kàn tẹ̀ ẹ́, ó sì wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

10/
Ó dáa, tí èèyàn bá fẹ́ yọ ọ́ ńkọ́? Èyí náà ní ìtàn.

Ọ̀bẹ àti iná ló kọ́kọ́ wà. Ọ̀bẹ ṣì wà di òní, ó sì ń yọ ọ́, àmọ́ ó lè fi àpá sílẹ̀ létè.

Lẹ́yìn náà ni òtútù dé. Ní 1883, Olszewski àti Wróblewski ní ìlú Kraków sọ nitrogen inú afẹ́fẹ́ di omi. Ní 1899, Campbell White ní New York ti ń fi afẹ́fẹ́ tó di omi wo àrùn awọ ara. Lónìí, nitrogen yẹn ni ọ̀pọ̀ dókítà ń lò. Òtútù rẹ̀ tó dígírì 196 nísàlẹ̀ òdo. Ó máa ń pa iṣan tó fẹ̀ yẹn.

11/
Àmọ́ ẹ̀yin aláwọ̀ dúdú bíi tèmi, ẹ dúró ná. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe dúdú ara wa kì í fara da òtútù. Dígírì mẹ́rin sí méje nísàlẹ̀ òdo ti tó láti pa wọ́n. Ìdí nìyẹn tí àwọn olówò màlúù ní Amẹ́ríkà fi ń fi irin tútù sàmì sára màlúù dúdú: irun ibẹ̀ á hù ní funfun. Ẹ wá fojú inú wo ààmì funfun létè dúdú. Ẹ yọ dúdú kan, ẹ gba funfun kan.

12/
Ìmọ́lẹ̀ ló kàn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1960, Theodore Maiman tan lésà àkọ́kọ́ ní California. Kò pẹ́ rárá tí Leon Goldman, dókítà awọ ara ní Cincinnati, fi bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò lára awọ. Ní 1983 ni Rox Anderson àti John Parrish ṣàlàyé bí èèyàn ṣe lè yan ohun tí lésà máa jó: wá ìmọ́lẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ máa gbà sára, tàn án fún ìgbà kúkúrú, kí ooru tó ráyè ràn dé ibòmíràn.

13/
Ìṣòro tiwa ni pé dúdú ara wa náà ń gba ìmọ́lẹ̀. Tí lésà bá jẹ́ irú èyí tí dúdú ara fẹ́ràn, awọ ló máa kọ́kọ́ jó kí ó tó dé ibi ẹ̀jẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ gùn ni dúdú ara kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà, ó sì máa ń wọlé jìnnà. Èyí tí wọ́n sábà máa ń lò fún awọ bíi tiwa ni Nd:YAG, tí ìgbì rẹ̀ jẹ́ nanomítà 1064. Nítorí náà, ẹ má kàn sanwó fún "lésà" o. Ẹ bi wọ́n pé: irú èwo? Ṣé ẹ ti ṣe é rí fún ẹni tó dúdú bíi tèmi?

14/
Dókítà to gbogbo èyí sílẹ̀ fún Màmá àgbà. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Dókítà, tí mi ò bá yọ ọ́ ńkọ́?"

"Kò sí ohun tó máa ṣe yín, Mà. Ẹ ṣáà má máa fi eyín jẹ ẹ́, torí ó lè ṣẹ̀jẹ̀."

Màmá àgbà ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ò bá a jà. Èmi gan-an ti ń ka owó lésà lọ́kàn.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nínú gbogbo ọdún tí dókítà fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé e, bí wọ́n ṣe ń dì í àti bí wọ́n ṣe ń tan lésà sí i, fífi í sílẹ̀ ò kúrò nínú ìtọ́jú rẹ̀ rí. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ lójú rẹ̀ náà lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ ọ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi ìyẹn bú u.

15/
Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe gbogbo ààmì dúdú ló jẹ́ adágún. Tí èyí tó wà létè yín bá le, tí kò pòórá tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, tó ń yára dàgbà, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀, tó di egbò tí kò jinná, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ pé oríṣiríṣi, ẹ lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí. Kódà tó bá pòórá, ẹ jẹ́ kí dókítà ló máa sọ pé kò sí nǹkan. Kì í ṣe èmi, kì í sì í ṣe àdúgbò.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán nǹkan inú ìgò sí i.

16/
Aṣọ òkè inú àpótí yẹn? Màmá àgbà wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Nínú fọ́tò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, gèlè wà lórí níbi tó yẹ kó wà, adágún kékeré náà sì hàn kedere létè wọn.

Tí ẹ bá mọ ẹnì kan tó ti ń fọwọ́ bo ẹnu, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i.