Bí Agbo Ilé Ṣe Ń Dáàbò Bo Aláìnílé ní Ìgbómìnà

Ọmọ agbo ilé ni mí ní Òmù-Àrán, ìlú Ìgbómìnà kan ní Kwara. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun Ìlọrin àti ti Nupe tú ọ̀pọ̀ ìlú Ìgbómìnà ká. Nígbà tí ogun abẹ́lé Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Kírìjí parí ní 1893, àwọn tó sá lọ ń padà wá tún ilé kọ́. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ: àwọn kan ń fi ẹsẹ̀ po amọ̀, àwọn kan ń mọ ògiri ní ìpele-ìpele, ẹni tó ń fẹ́ ọmọ ilé náà á kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá fi koríko bo òrùlé. Nínú agbo ilé bẹ́ẹ̀, opó, arúgbó àti àlejò ń rí ibi sùn. Baálé mọ iye ẹni tó sùn sílé. Ìtìjú gbogbo ẹbí ni bí ọmọ ilé bá ń sùn sí gbangba.

Lónìí, ọ̀pọ̀ agbo ilé ti di àlàpà. Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 2,365,353 ní Kwara, ṣùgbọ́n iye àpapọ̀ nìkan kò lè fi ẹni tí kò nílé hàn wá. Ẹ̀yin aláṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, ẹ pe àwọn baálé, kí ẹ jọ ka àwọn tó ń sùn sí ọjà àti ibùdókọ̀. Ẹni tí a kò kà, ta ni yóò kọ́lé fún un?