Àfikún Ìsọfúnni Ìwọlé nínú Àpótí Páásíwọ́ọ̀dù

Àpótí páásíwọ́ọ̀dù ni ètò orí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tó ń tọ́jú gbogbo páásíwọ́ọ̀dù ènìyàn sábẹ́ kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo. Password Safe tí Bruce Schneier ṣe jáde ní 1997 wà lára àwọn tó ṣáájú. Dominik Reichl, ọmọ Jámánì, gbé KeePass dé ní 2003, Bitwarden sì tẹ̀ lé e ní 2016.

Páásíwọ́ọ̀dù nìkan kì í ṣílẹ̀kùn mọ́ lóde òní. Báńkì á béèrè píìnì, á tún béèrè orúkọ ilé ìwé tí o kọ́kọ́ lọ. Google á fún ọ ní nọ́ńbà ìgbàpadà 10, oní-díjíìtì 8, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ṣeé lò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ̀yìn ìwé la sábà ń kọ irú wọn sí, tàbí ká yà wọ́n ní fọ́tò sínú fóònù kan náà tí olè lè gbé lọ.

Inú àpótí yìí ló yẹ wọ́n. Nínú KeePass, ṣí àkọsílẹ̀ báńkì náà, lọ sí Advanced, tẹ Add, kọ “Píìnì” sí ipò orúkọ, kí o sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sísàlẹ̀. Bí o bá ní kó dáàbò bò ó, ìràwọ̀ nìkan ni ẹni tó bá yọjú wo ẹ̀yìn rẹ máa rí. Bitwarden náà ní àyè tó ń fi nǹkan pamọ́ báyìí.

Ní ti ìbéèrè ààbò, má ṣe dáhùn òótọ́. Ará àdúgbò mọ ilé ìwé rẹ, Facebook náà mọ̀ ọ́n. Kọ ìdáhùn tí kò bá ọ tan rárá, kí àpótí bá ọ rántí rẹ̀.

Ibi tí a kọ nǹkan sí ṣe pàtàkì gan-an. Ní 2022, àwọn ọ̀daràn ṣe àdàkọ àpótí àwọn oníbàárà LastPass, ilé iṣẹ́ àpótí páásíwọ́ọ̀dù kan, lọ. Páásíwọ́ọ̀dù àti àkọsílẹ̀ ìkọ̀kọ̀ wà ní títì, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì ìkànnì wà ní gbangba. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àṣírí sí ipò àdírẹ́sì.

Ọ̀rọ̀ ńlá tó kù ni ti nọ́ńbà oní-díjíìtì 6 tí ìkànnì ń béèrè lẹ́yìn páásíwọ́ọ̀dù, tó ń yí padà ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 sí 30. Àpótí púpọ̀ lè máa pèsè rẹ̀, ó sì rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá já àpótí náà ti já àgádágodo méjèèjì nìyẹn. Ti ímeèlì àti ti báńkì, ibòmíràn ni kó wà. Nọ́ńbà ìgbàpadà àpótí fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ inú àpótí láé: orí ìwé ni kí a kọ ọ́ sí, kí a kó o pọ̀ mọ́ ìwé ilẹ̀ àti ìwé ẹ̀rí nínú ilé.