Ta Ló Lé Ogun Ẹ̀gbá Kúrò ní Ìkòròdú?

John Ford ló ṣe fíìmù The Man Who Shot Liberty Valance ní 1962. Fíìmù kábọ́ọ̀ì ni, ẹṣin wà níbẹ̀, ìbọn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òkú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Sẹ́nétọ̀ àgbàlagbà kan, Ransom Stoddard, àti ìyàwó rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí ìlú Shinbone láti sin ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tom Doniphon. Inú pósí lásán ni òkú náà wà, àwọn èèyàn ti gbàgbé rẹ̀. Àwọn oníwèé ìròyìn ní dandan ni kí sẹ́nétọ̀ sọ ohun tó pa òun àti òkú yìí pọ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó, fíìmù náà sì padà sẹ́yìn sí ìgbà tó jẹ́ lọ́yà ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú. Gbogbo ayé gbà pé òun ló yìnbọn pa ọ̀daràn Liberty Valance, òkìkí yẹn ló sì gbé e dé ipò gómìnà àti ti sẹ́nétọ̀. Òun kọ́. Doniphon ló yìnbọn láti inú òkùnkùn. Nígbà tó sọ ọ́ tán, oníwèé ìròyìn fa àkọsílẹ̀ náà ya, ó ní òun ò ní tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ẹnì kan wà nínú fíìmù yẹn tí kò kúrò lọ́kàn wa. Pompey lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin dúdú tó ń bá Doniphon ṣiṣẹ́. Woody Strode ló ṣe é. Òun ló ju ìbọn sí ọ̀gá rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Òun náà ló jókòó ti pósí nígbà tí sẹ́nétọ̀ dé. Ó mọ òótọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, oníwèé ìròyìn kankan ò sì bi í ní nǹkan kan.

Ìkòròdú ló jẹ́ kí a máa ronú nípa Pompey. Ẹni tó bá ti ka ìtàn ogun Ìkòròdú ti 1865 yóò ti pàdé rẹ̀ báyìí: àwọn Ẹ̀gbá dó ti ìlú náà, Glover rán ọmọ ogun láti Èkó, ogun Ẹ̀gbá tú ká. Ó parí.

Ọ̀nà ló fa ìjà náà. Ogun Ìjàyè ti bẹ̀rẹ̀ ní 1860, Ìbàdàn sì fọ́ Ìjàyè ní 1862, síbẹ̀ ìjà kò tán, ńṣe ló ṣí lọ sí ilẹ̀ Rẹ́mọ. Ìbàdàn kò ní etí òkun. Ìbọn, ẹ̀tù àti iyọ̀ tí wọ́n ń lò, láti Èkó ló ti ń wá, àwọn Ẹ̀gbá sì ti dí ọ̀nà Abẹ́òkúta mọ́ wọn. Èyí tó kù ni ti Ìkòròdú: ọkọ̀ ojú omi yóò gba orí ọ̀sà dé èbúté, àwọn alárù yóò ru ẹrù gba àárín Rẹ́mọ lọ sókè. Ọwọ́ òyìnbó ni Èkó wà láti 1861, John Glover tó ń ṣàkóso rẹ̀ sì fẹ́ kí ọ̀nà yìí ṣí kí epo àti òwú lè máa ṣàn wá sí etí òkun. Nínú fíìmù kábọ́ọ̀ì, ojú irin àti ilẹ̀ ìjẹko ni wọ́n máa ń torí rẹ̀ para wọn. Tiwa, àgbárá ẹ̀tù àti àpò iyọ̀ ni.

Ẹ má ṣe rò pé Ẹ̀gbá ni Liberty Valance inú ìtàn yìí o. Ọ̀rẹ́ òyìnbó ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ìjọ Ọlọ́run ti fìdí múlẹ̀ ní Abẹ́òkúta láti àwọn ọdún 1840, nígbà tí Dàhọ̀mì sì gbógun tì wọ́n ní 1851, òyìnbó wà lẹ́yìn wọn. Dàhọ̀mì tún padà wá ní oṣù kẹta 1864, wọ́n tún lé e. Ìlú tí ọ̀tá wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, tí Ìbàdàn wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, tí ẹ̀tù sì ń gba Ìkòròdú lọ bá Ìbàdàn, kí ni ẹ fẹ́ kó ṣe?

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 1865, àwọn ọmọ ogun láti Èkó dojú kọ ibùdó Ẹ̀gbá pẹ̀lú rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ogun tó ti dó ti ìlú látìgbà náà tú ká lọ́jọ́ kan. (Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà ni Ọ̀gágun Lee túúbá ní Amẹ́ríkà, tí àsìkò tí fíìmù kábọ́ọ̀ì fẹ́ràn jù lọ sì bẹ̀rẹ̀.)

Ta wá ni àwọn tó yin rọ́kẹ́ẹ̀tì náà? Àwọn ọmọ ogun West India Regiment wà níbẹ̀, aláwọ̀ dúdú tó ń jà lábẹ́ ọ̀gá òyìnbó. Àwọn Haúsá Glover náà wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú tó ti sá kúrò lọ́dọ̀ olówó rẹ̀, tí Glover kó jọ, tó fún ní ìbọn. Inú ẹgbẹ́ yẹn ni iṣẹ́ ológun Nàìjíríà ti ṣẹ̀ wá. Ní Amẹ́ríkà, ọdún tó tẹ̀lé e, 1866, ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun dúdú tí wọ́n ń pè ní Buffalo Soldiers sílẹ̀. Pompey pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ará Ìkòròdú fúnra wọn sì ń bẹ, tí wọ́n ti di odi ìlú mú kí ẹnikẹ́ni tó dé láti Èkó.

Òkìkí náà, Glover ló gbà á. Àwọn Ẹ̀gbá kò gbàgbé: ní 1867 wọ́n lé àwọn òyìnbó jáde ní Abẹ́òkúta, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ohun tí ìtàn ń pè ní Ìfọ́lé. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú pàápàá, ìbọn òyìnbó ló ṣí i tán pátápátá, ní Ìmàgbòn ní 1892.

Apá tó yà wá lẹ́nu jù nìyí. Glover kú ní 1885, wọ́n sì fi gbọ̀ngàn kan ní Èkó ṣe ìrántí rẹ̀, Glover Memorial Hall. Inú gbọ̀ngàn yẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn èèyàn ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ní oṣù kẹjọ 1903, ilé iṣẹ́ Balboa láti Sípéènì ló gbé e wá, Herbert Macaulay sì wà nídìí ètò náà. Ní ìparí ọdún kan náà ni The Great Train Robbery jáde ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan lára àwọn fíìmù kábọ́ọ̀ì àkọ́kọ́. Lábẹ́ orúkọ ọkùnrin tí wọ́n ní ó gba Ìkòròdú là ni àwòrán tó ń rìn ti wọlé sí ilẹ̀ wa.

Ìkòròdú kan náà ni àwọn Ikorodu Bois ti wá, àwọn ọmọdé tó ń fi kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù, ìkòkò àti páálí ṣe àwòkọ fíìmù Hollywood, títí tí àwọn tó ṣe Extraction fi rí tiwọn ní 2020. Ó wù wá kí ẹnì kan gbé 1865 fún wọn.

A ti ń jiyàn lórí rẹ̀. A fohùn ṣọ̀kan pé èbúté Ìpakodò òde òní ni kó ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn èrò ti ń dúró de ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó láàárọ̀, kó tó padà sẹ́yìn. Ẹni tí kámẹ́rà yóò kọ́kọ́ bá níbẹ̀ ni a ò tíì yanjú. Àwọn kan ní kó jẹ́ obìnrin oníyọ̀ tí odi sé mọ́ ìlú. Òmíràn ní kó jẹ́ Haúsá kan tó mú ìbọn lọ́wọ́, tó ṣì ní àpá ìgbà ẹrú lára. Ọmọ Abẹ́òkúta tó wà láàárín wa kò gbà: ó ní ará Ẹ̀gbá kan nínú ibùdó ni, tó gbójú sókè, tí kò mọ ohun tó ń fò bọ̀.