Nameserver: Ẹni Tó Ń Dáhùn fún Orúkọ Ìkànnì

Nọ́ńbà ni àwọn kọ̀ǹpútà fi ń wá ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ ni ọmọ ènìyàn ń rántí. Sáfà tó ń sọ nọ́ńbà tó wà nídìí orúkọ kọ̀ọ̀kan ni nameserver, ètò tí gbogbo wọn sì ń bá ṣiṣẹ́ ni DNS.

Kí DNS tó dé, inú fáìlì kan ṣoṣo, HOSTS.TXT, ni gbogbo orúkọ wà. Iléeṣẹ́ ìwádìí SRI ní California ló ń tọ́jú rẹ̀, lábẹ́ àkóso Elizabeth Feinler. Nígbà tí kọ̀ǹpútà pọ̀ ju ohun tí fáìlì kan lè gbà lọ, Paul Mockapetris ti Yunifásítì Southern California gbé DNS kalẹ̀ ní 1983. Ohun tó wú mi lórí jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó pín àṣẹ: oníkálukú ni yóò máa tọ́jú àkọsílẹ̀ orúkọ tirẹ̀.

Bí ẹnì kan bá tẹ unilag.edu.ng, sáfà aṣèwádìí, bóyá ti iléeṣẹ́ tó ń ta dátà fún un tàbí 8.8.8.8 ti Google, ni yóò bá a wá a. Ó lè kọ́kọ́ bi àwọn sáfà gbòǹgbò, tí orúkọ wọn jẹ́ 13, láti A dé M, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń jẹ́ orúkọ wọ̀nyí fọ́n káàkiri ayé. Àwọn yẹn yóò júwe àwọn sáfà .ng ti Nàìjíríà, tó wà lábẹ́ àbójútó àjọ NiRA. Báyìí ni wọn yóò máa júwe fún un títí yóò fi kan nameserver tó ní àṣẹ láti dáhùn. Aṣèwádìí yóò fi ìdáhùn náà pamọ́ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá tí TTL, ìyẹn iye àkókò tó wà lára àkọsílẹ̀ náà, bá sọ: 3600 jẹ́ wákàtí kan.

TTL yìí ló ń fa wàhálà nígbà tí ènìyàn bá ń kó ìkànnì lọ sí hosting mìíràn, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń gba ìkànnì sílé. Ẹni tó mọṣẹ́ á ti dín in kù sí 300 ṣáájú, kò sì ní pa sáfà àtijọ́ títí ìdáhùn àtijọ́ yóò fi kúrò nílẹ̀. Tó bá jẹ́ nameserver gan-an lèèyàn fẹ́ pààrọ̀, gbogbo àkọsílẹ̀ ni kó kọ́kọ́ dà kọ síbi tuntun. Ọ̀pọ̀ máa ń rántí àkọsílẹ̀ A, tó ń tọ́ka sí ìkànnì, wọ́n á gbàgbé àkọsílẹ̀ MX, tó ń darí í-meèlì. Ìkànnì á ṣí, ṣùgbọ́n lẹ́tà kò ní wọlé mọ́.

Ó kéré tán, nameserver méjì ni ìlànà béèrè fún, kò sì yẹ kí wọ́n wà lábẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà. Ní October 4, 2021, iṣẹ́ àtúnṣe kan já àwọn ilé sáfà Facebook kúrò lára ara wọn. Àwọn nameserver wọn ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè dé ọ̀dọ̀ wọn, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Facebook náà ni gbogbo wọn wà. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ni Facebook, Instagram àti WhatsApp fi dákẹ́.

Registrar tó ta orúkọ fún wa àti hosting tó gba ìkànnì wa sílé lè jẹ́ iléeṣẹ́ méjì. Ọ̀dọ̀ registrar ni a ti ń yan nameserver, nítorí náà orúkọ oní-nǹkan ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kì í ṣe ti ẹni tó bá a kọ́ ìkànnì. Kí í-meèlì tó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn má sì jẹ́ èyí tó wà lórí orúkọ yẹn kan náà: bí owó ọdún bá tán tí orúkọ náà sì kú, kò sí bí ìkìlọ̀ wọn yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.