Kéwú Inú Fóònù àti Etí Aládùúgbò

Ewì lẹ máa ń rí gbà lọ́wọ́ mi nínú ìwé wa yìí, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ìtàn ni mo gbé wá. Rúùmeètì mi ló fà á.

Ọmọ Ìlọrin ni rúùmeètì mi, èdè Lárúbáwá ló ń kà. Èmi jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ, láti Zion Pepe létí òkun, ọmọ Séráfù pọ́ńbélé. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, rúùmeètì mi á ṣe àlùwàlá, á dé fìlà funfun, á gbé fóònù rẹ̀ ti agolo mílíìkì lórí tábìlì, á sì ti íápíìsì bọ etí. Àwọn ọmọ méjì kan ní Peckham, nílùú Lọ́ńdọ̀nù, ló ń kọ́ ní kéwú. Àwọn òbí wọn ń fi owó ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù, owó yìí la sì fi ń ra ìrẹsì tí a jọ ń jẹ. Nítorí náà, n kò ní ẹnu tí mo fi lè bú kéwú orí fóònù.

Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé ìdajì kéwú náà ni mò ń gbọ́. Mò ń gbọ́ "Again." Mò ń gbọ́ "Good." Lẹ́yìn náà á dákẹ́, á dijú, á máa mi orí, á tún ní "Again." Ohùn àwọn ọmọ náà kì í dé ọ̀dọ̀ mi rárá. Ọdún méjì gbáko ni èmi àti kéwú yìí ti jọ ń gbé yàrá kan náà, n kò tíì mọ lẹ́tà kan ṣoṣo níbẹ̀. Mo rò ó títí, mo rí i pé nǹkan tuntun ni èyí nílẹ̀ Yorùbá: kí wọ́n máa ké kéwú nínú yàrá, kí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì má gbọ́.

Ẹ lè ní kí ló kan ọmọ Séráfù nínú ọ̀rọ̀ kéwú. Ó kàn mí dáadáa. Orúkọ ìlú mi ti tó ẹ̀rí ìsìn wa, Òkè Síónì inú Bíbélì ni wọ́n fi sọ wá. Ìjọ Kérúbù àti Séráfù tí Mose Orímóládé Túnọláṣe àti Christiana Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1925 tàn dé orí omi Ìlàjẹ, ó sì fìdí múlẹ̀ gan-an níbẹ̀. Ìlú Ayétòrò tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, láti ara ìjọ yìí náà ló ti yọ. Níbi tí mo ti dàgbà, aṣọ funfun là ń wọ̀ lọ sílé àdúrà, a kì í wọ bàtà, wòlíì ń ríran, bàbá àgbà ń wàásù, a sì ń kí ara wa ní àlàáfíà.

Ẹ tún gbólóhùn tí mo kọ gbẹ̀yìn yẹn kà. Àdúrà, Lárúbáwá ni. Wòlíì, Lárúbáwá ni. Wàásù, àlàáfíà, Lárúbáwá ni méjèèjì. Bí a bá fi àlùfáà kún un, tí a fi súúrù, wákàtí àti àǹfààní tì í, a óò rí i pé Séráfù tí kò bá fẹ́ gba ọ̀rọ̀ kankan láti ilé kéwú kò ní lè la ẹnu nílé Ọlọ́run lọ́jọ́ Ìsinmi. Aládùúrà gan-an tí wọ́n ń pè wá, láti ibẹ̀ ni.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè sọ fún wa pé àwọn ọ̀rọ̀ yìí kò ti ilẹ̀ Lárúbáwá fò wá bá wa tààrà. Àwọn kan gba ọ̀dọ̀ Haúsá wá, àwọn kan gba ọ̀dọ̀ àwọn Songhay tí wọ́n wà lókè Odò Ọya lọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ "kéwú" fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ Songhay ni wọ́n tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé. "Ìmàle" ní tirẹ̀ ń tọ́ka sí Málì. Nígbà tí Àjàyí Crowther bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ Bíbélì, láti nǹkan bí 1850 lọ, àwọn ọ̀rọ̀ yìí ti di ti wa pátápátá, débi pé "wòlíì" àti "àlùfáà" ló wọ inú ìwé mímọ́ àwọn onígbàgbọ́. Crowther ọmọ Òṣogùn, tí àwọn ọmọ ogun tí Ìmàle wà nínú wọn kó lẹ́rú ní 1821! Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àwọn tó kó o lẹ́rú ló fi pe àwọn aríran Ísírẹ́lì. Tí kì í bá ṣe pé mo ti ṣèlérí pé n kò ní kọ ewì lónìí ni.

Báwo wá ni ọ̀rọ̀ ilé kéwú ṣe dé ẹnu ẹni tí kò wọ ilé kéwú rí? Ọjà kó òmíràn dé, tírà kó òmíràn, ogun náà kó tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí ilé kéwú àtijọ́ ti rí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àáfà ni, tàbí abẹ́ igi níwájú mọ́ṣáláṣí. Wàláà, pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n dán, ni ìwé ọmọ. Àáfà á fi gègé àti tàdáwà kọ nǹkan sí i, ọmọ á kà á títí á fi wọ orí rẹ̀, wọ́n á fọ wàláà náà, wọ́n á tún kọ òmíràn. Omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́, ẹlòmíràn á bù ú mu fún ìwòsàn. (Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pa fọ́tò rẹ́ kí àyè lè gba òmíràn lórí fóònù yín, ọ̀rọ̀ wàláà á tètè yé yín.) Ọmọ mẹ́wàá, ọmọ ogún, gbogbo wọn á máa ké e lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú lórí ibi tó dé, pàṣán sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àáfà. Ariwo gidi ni. Obìnrin tó ń dín àkàrà lódìkejì ọ̀nà ń gbọ́. Alágbẹ̀dẹ ń gbọ́. Babaláwo náà gbọ́: ẹ bi àwọn tó mọ Ifá wò, wọ́n á sọ fún yín pé Odù Òtúrá Méjì ló ń sọ̀rọ̀ àwọn Ìmàle. Kò sẹ́ni tó san owó ilé kéwú nínú àwọn wọ̀nyí, gbogbo wọn ló sì mú nǹkan lọ sílé.

Ìlọrin ni ìtàn yìí ti lágbára jù, lẹ́yìn tí Àáfà Àlímì fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó, tí ọmọ rẹ̀ Abdulsalami sì di ẹ́míà àkọ́kọ́. Àwọn àáfà ibẹ̀ tilẹ̀ fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ ewì Yorùbá sílẹ̀, irú Badamasi ti Agbájí ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Ẹ̀yin akéwì ẹgbẹ́ mi tí ẹ rò pé láti ọ̀dọ̀ àwọn míṣọ́ọ̀nù nìkan ni Yorùbá kíkọ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ wádìí.

Nígbà tí ìjọba òyìnbó dé, ẹ̀rù ba àwọn òbí Mùsùlùmí ní Èkó. Ọwọ́ míṣọ́ọ̀nù ni ilé ìwé wà, Músá lè jáde nílé láàárọ̀ kó padà wálé lálẹ́ ní Moses. Ní 1896, ìjọba ṣí ilé ìwé tí a yà sọ́tọ̀ fún ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó, Edward Blyden, ọ̀mọ̀wé adúláwọ̀ tí wọ́n bí sí erékùṣù St. Thomas, ló wà nídìí rẹ̀. Ní 1923 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀, ẹgbẹ́ yìí sì kọ́ ilé ìwé tó pọ̀ rẹpẹtẹ. Láàárín méjèèjì, ní 1906, Kùránì jáde lédè Yorùbá. Ẹni Ọ̀wọ̀ M. S. Cole, àlùfáà onígbàgbọ́, ló túmọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Shéù Ádámù Abdullah al-Ilory dá Márkàsì sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, ó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955. Bẹ́ǹṣì, pátákó ìkọ̀wé, kíláàsì, ìdánwò, ìwé ẹ̀rí. Kì í ṣe gbogbo àáfà ni inú wọn dùn sí i. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àyípadà yìí, àwọn ọmọ ṣì ń ké e pọ̀, ògiri kò sì dí ohùn wọn. Kí wàláà lọ, kí pátákó dé, aládùúgbò ṣì ń gbọ́.

N kò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé kéwú orí fóònù kì í ṣe kéwú. Orúkọ Kùránì gan-an, kíkà ni ìtumọ̀ rẹ̀, kíkà sókè. Ìtàn àwọn Mùsùlùmí sọ pé nígbà tí Khalifa Uthman fi ẹ̀dà Kùránì ránṣẹ́ sí àwọn ìlú ńlá, ó fi ẹni tó mọ̀ ọ́n ké ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ìwé nìkan kò tó, ẹnu olùkọ́ ni ọmọ ti ń gbà á, etí ló fi ń gbà á. Ẹnu àti etí gan-an sì ni fóònù ń gbé káàkiri. Ní 1961, wọ́n gbé Kùránì odindi jáde lórí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Íjíbítì, ohùn Mahmoud al-Husary ni, ní 1964 rédíò Káírò ya ìkànnì kan sọ́tọ̀ fún un. Kásẹ́ẹ̀tì tẹ̀lé e. GSM wọ Nàìjíríà ní 2001. Ọdún 2020 tí Kòrónà ti ilé ìwé àti mọ́ṣáláṣí pa, ọ̀pọ̀ àáfà tí kò gba ti Zoom àti WhatsApp tẹ́lẹ̀ gbà tipátipá.

Mo ní kí rúùmeètì mi ṣàlàyé bó ṣe ń ṣe é. Ojú ìwé Nuraniyyah, ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní lẹ́tà àti ìró rẹ̀, ló máa ń gbé sójú fóònù kí àwọn ọmọ lè rí i. Ó ní lọ́jọ́ kan òun ní kí àwọn méjèèjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú yàrá tirẹ̀, ké e pọ̀ bí wọ́n ti ń ṣe ní Ìlọrin. Kò ṣeé ṣe. Ohùn ọ̀kan dé, ti èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ̀rọ gbá ọ̀kan mú, ó pa èkejì mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹnì kan á pa ohùn rẹ̀ kí ẹnì kejì tó kà. Àǹfààní wà níbẹ̀ o. Ọmọ tó ń fi ariwo ẹgbẹ́ bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ kò ríbi sá sí mọ́. Pàṣán kò sì lè gba inú fóònù kọjá, a dúpẹ́.

Bàbá bàbá rẹ̀ ní Ìlọrin kà á ní ọ̀nà Warsh, èyí tó gbilẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà láyé àtijọ́. Ọ̀nà Hafs ni àwọn ọmọ Peckham ń kọ́, ti Kùránì tí wọ́n ń tẹ̀ ní Mẹ̀dínà tí wọ́n ń pín káàkiri ayé. Ìyẹn kò kan èmi púpọ̀. Èyí tó kan èmi tí mò ń ka Yorùbá ni pé ní ilé kéwú, Yorùbá ni àáfà fi ń túmọ̀, Yorùbá ló fi ń pa àlọ́, Yorùbá ló fi ń bá ọmọ wí. Gẹ̀ẹ́sì ni rúùmeètì mi fi ń kọ́ àwọn ọmọ yìí, nítorí òun ni wọ́n gbọ́. Ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá ń kọ́ Lárúbáwá lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá, Yorùbá kò sì sí láàárín wọn. Íápíìsì tún wà létí. Ta ni ọ̀rọ̀ kankan fẹ́ jò sí lára?

Kérésì tó kọjá, mo mú un lọ sílé. A wọ ọkọ̀ ẹ̀ńjìnnì ní Igbókòdá, ọmọ Ìlọrin di igi ọkọ̀ mú bí ẹni pé òkun ti dé. Ẹ̀yin tí ẹ kò dé ọ̀dọ̀ wa rí, pákó ni a fi ṣe ọ̀nà láàárín ilé, a ò ní iná ìjọba, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò la fi ń chájì fóònù. Kò sí ilé kéwú ní àdúgbò wa. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ó wá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kiri títí ó fi dé ìparí afárá pákó, níbi tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́. Omi ti ba íápíìsì rẹ̀ jẹ́ lójú ọ̀nà, ló bá jẹ́ kí fóònù sọ̀rọ̀ síta.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ohùn ọmọ náà. Ohùn tín-ín-rín, ó ń ka lẹ́tà, ó gba orí omi lọ. Ìyá kan tó ń yan ẹja dúró. Àwọn ọmọ àdúgbò tó ń lúwẹ̀ẹ́ gun orí afárá, wọ́n jókòó bí ẹja tí wọ́n sá sóòrùn, kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún wọn wọ́n ti ń kà á tẹ̀lé e: báà, táà. Ọmọ Peckham dákẹ́, ó ní, "Who's that?" Rúùmeètì mi wo ojú mi. Màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ilé àdúrà bọ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀, bàtà kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Àáfà, ohùn ọmọ yẹn mà dùn o. Ṣé àdúrà ló ń gbà?"

Ó ní, "Rárá Màmá, a-b-d ló ń kà."

Ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá lọ. Ó na fóònù sókè, ó yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, kò padà wá mọ́. Àwọn ọmọ orí afárá kò dúró dè é. Wọ́n ń ké e pọ̀ lọ, báà, táà, wọ́n ń ṣì í, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, títí ìyá ọ̀kan nínú wọn fi pè é nígbà mẹ́ta pé kó wá jẹun.