Ibi tí Orúkọ Sperm Whale Ti Wá

Sperm whale ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹranko òkun tó tóbi jù lọ nínú gbogbo àbùùbùtán tó ní eyín. Akọ rẹ̀ lè gùn tó mítà 16, orí nìkan sì tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta gígùn yẹn. Inú orí yìí ni orúkọ náà ti jáde.

Àpò ńlá kan wà níbẹ̀ tó kún fún òróró. Ti akọ tó dàgbà lè gba nǹkan bíi lítà 1,900. Òróró náà ń ṣàn nígbà tí ẹranko bá wà láàyè, àmọ́ bí ó bá tutù, á dì, á sì funfun. Àwọn ará Yúróòpù àtijọ́ rí i, wọ́n ní àtọ̀ ni. Wọ́n fi Látìnì pè é ní sperma ceti, àtọ̀ àbùùbùtán, àwọn apoògùn sì ń tà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fi orúkọ òróró pe ẹni tó ni ín: spermaceti whale. Ìyẹn ni wọ́n gé kúrú.

Àṣìṣe gbáà ni, nítorí abo náà ní òróró yìí lórí. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, lẹ́yìn tí òkun gbé ọ̀kan nínú àwọn ẹranko yìí jù sí etíkun Norfolk ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà Thomas Browne kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, Pseudodoxia Epidemica, pé orí ni nǹkan náà wà, kì í ṣe àtọ̀ rárá. Òótọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yí orúkọ padà, torí ọjà ti gbà á. Àbẹ́là tí wọ́n fi òróró náà ṣe ń mọ́lẹ̀ kedere, kì í rùn, ooru kì í tètè tẹ̀ ẹ́. Tìtorí rẹ̀ ni àwọn ọdẹ òkun ayé àtijọ́ láti Nantucket àti New Bedford, ní Amẹ́ríkà, ṣe ń lo ọdún mẹ́ta, mẹ́rin lójú agbami. Kódà, lọ́dún 1860, òfin gáàsì ìlú London sọ àbẹ́là yìí di òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀.

Lójú tèmi, àwọn aládùúgbò àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ẹranko náà lórúkọ tó yẹ ẹ́ jù. Pottwal ni àwọn ará Jámánì ń pè é, torí orí rẹ̀ tó rí bí ìkòkò. Macrocephalus tí Linnaeus, onímọ̀ nípa ohun alààyè, fi kún orúkọ ìmọ̀ rẹ̀ lọ́dún 1758, olórí ńlá ló jẹ́. Iṣẹ́ tí òróró náà ń ṣe gan-an kò sì kan ọmọ bíbí: àárín rẹ̀ ni ìró líle tí ẹranko náà ń ta ń gbà jáde, tó fi ń wá ẹran òkun tí wọ́n ń pè ní squid nínú òkùnkùn, ní ìsàlẹ̀ òkun tó lè jìn ju mítà 1,000 lọ.